Ẹ̀rọ Olóòfà Tí Ó Ti Ọkọ̀ Dé Òṣùpá

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti yin ìbọn ọdẹ rí mọ̀ pé bí ọta ti ń lọ síwájú ni ìdí ìbọn ń ti èjìká sẹ́yìn. Ohun kan náà ni ó ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ń tu afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde nídìí, ìyẹn sì ń tì í lọ síwájú. Bí ohun tí ó ń tu jáde bá ti yára tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ yóò ti wúlò tó. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Epo tí a ń dáná sun kì í sáà tú jáde ju nǹkan bí kìlómítà 4 àbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọkọ̀ tí ó bá fẹ́ rìn jìnnà yóò wá di ọkọ̀ tí ń ru kìkì epo.

Ọ̀nà mìíràn wà. Bí agbára iná ẹlẹ́tíríìkì bá pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́ kan, yóò já ẹ̀lẹ́kítíróònì kúrò lára àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀. Plásímà ni àwọn onímọ̀ ń pe ohun tí ó bá dà. Ẹ má ṣe rò pé ẹ kò rí i rí: mànàmáná tí ń kọ nígbà òjò, plásímà ni. Nítorí pé iná wà nínú rẹ̀, iná lè tì í, òòfà sì lè darí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà àti àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì ń gbìyànjú irú ẹ̀rọ kan náà, olúkúlùkù ní ilé tirẹ̀. Ẹ fojú inú wo kòtò tóóró kan tí ó yí po bí òrùka. Láti ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí à ń pè ní xenon ti ń wọlé. Òòfà wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀lẹ́kítíróònì fúyẹ́, nítorí náà òòfà mú un, ó sì ń yí kiri nínú òrùka náà bí ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn. Bí ó ti ń yí ni ó ń kọlu xenon tí ó sì ń sọ ọ́ di plásímà. Ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù tí a já ẹ̀lẹ́kítíróònì lára rẹ̀ wúwo. Òòfà kò rí i mú. Iná ni ó ń fà á jáde, ní nǹkan bíi kìlómítà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ewúrẹ́ náà a máa já okùn. Ẹ̀lẹ́kítíróònì ń jò padà sí ìsàlẹ̀, iná sì ń ṣòfò. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 1970, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Amẹ́ríkà ti pa á tì, wọ́n gba ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń lo àwọ̀n irin. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ẹ̀rọ tiwọn náà ṣiṣẹ́.

Alexei Morozov, ní ilé ìwádìí Kurchatov ní Mósíkò, kò pa á tì. Ó rí i pé kì í ṣe bí òòfà ti lágbára tó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà, bí kò ṣe ibi tí agbára náà wà. Kí ó rọ̀ nísàlẹ̀, kí ó máa le sí i bọ̀ wá sí ẹnu, kí ó sì le jù lẹ́nu gan-an. Nígbà náà ni okùn tó dúró. Ní ìparí ọdún 1971 wọ́n gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sókè nínú sátẹ́láìtì Meteor kan. Ní 1972 ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ti sátẹ́láìtì náà ga sí i. Ó di 1991 kí àwọn amòye Amẹ́ríkà tó lọ fi ojú ara wọn wò ó kí wọ́n sì dán an wò.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ẹ̀rọ yìí lè gbé ohunkóhun kúrò nílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù fi irú rẹ̀, èyí tí a ṣe ní Faransé, sínú ọkọ̀ SMART-1 ní oṣù kẹsàn-án 2003, bí ó ti ń ti ọkọ̀ náà kò ju ìwúwo káàdì kan lọ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, ẹ rẹ́rìn-ín o! Àwọn tí wọ́n lọ sí òṣùpá ní 1969 lo ọjọ́ mẹ́ta lọ́nà. SMART-1 kò dé ibẹ̀ títí di oṣù kọkànlá 2004. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi kìlógírámù 82 péré ni xenon tí ó gbé, ìyẹn kò sì tó àpò sìmẹ́ńtì méjì. Níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò dá ọkọ̀ dúró, títì kékeré tí kò dáwọ́ dúró a máa di eré ńlá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní oṣù kẹwàá 2023, Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ Psyche ránṣẹ́ sí àpáta ńlá kan tí ń yí oòrùn po láàárín Máàsì àti Júpítà, wọ́n sì ṣètò pé kí ó dé ibẹ̀ ní 2029. Mẹ́rin ni ẹ̀rọ olóòfà tí ó wà nídìí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Fakel ní ìlú Kaliningrad, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni ó ṣe wọ́n.