Ojú Tó Fọ́ Lábẹ́ Ọ̀bẹ: Ta Ni Yóò San Gbà-má-bínú?

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Láti ìgbà láéláé ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ẹni tí yóò tún ojú òun ṣe, tí ó sì ń bèèrè pé: bí oníṣègùn bá ba ojú jẹ́ níbi tí ó ti ń tún un ṣe, kí ni ẹ̀tọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ fọ́? Ó yẹ kí a mọ bí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ṣe ń yí padà, nítorí pé àwọn àgbà wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ ń lọ fún iṣẹ́ abẹ ojú lónìí.

Ìdáhùn tí ó lókìkí jù nínú ti àtijọ́ wà lára òkúta dúdú kan tí ó wà ní Louvre, ní Paris. Hammurabi, ọba Bábílónì, ni ó ní kí a kọ òfin sí i ní nǹkan bí 1750 ṣáájú ìbí Jésù. Bí oníṣègùn bá fi ọ̀bẹ idẹ la ojú ọlọ́lá, tí ojú náà sì yè, ṣékélì fàdákà 10 ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Bí ojú náà bá fọ́, kí a gé ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ojú ẹrú, oníṣègùn yóò san ìdajì iye owó ẹrú náà. Òfin náà kò bèèrè bóyá oníṣègùn ṣe àṣìṣe tàbí kò ṣe é. Ọwọ́ tí a gé kò sì dá ìríran padà fún ẹnikẹ́ni.

Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún, abẹ́rẹ́ ni a fi ń tọ́jú ojú tí ó funfun, àìsàn tí àwọn Faransé ń pè ní cataracte. Oníṣègùn a fi abẹ́rẹ́ ti awò inú ẹyinjú tí ó ti dọ̀tí sísàlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Àwọn kan ṣì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ojú púpọ̀ sì ń fọ́ nípa rẹ̀. Ní 1750, John Taylor, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń ti ìlú dé ìlú, ṣe iṣẹ́ abẹ ojú lẹ́ẹ̀mejì fún Johann Sebastian Bach, àgbà olórin, ní Leipzig. Bach kò ríran mọ́, ó sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún náà. Taylor ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ẹni tí kò dúró níbì kan, ta ni yóò pè é lẹ́jọ́?

Ní 1747, Jacques Daviel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti yọ awò tí ó dọ̀tí jáde pátápátá. Ọ̀nà yìí ni ó bí iṣẹ́ abẹ òde òní. Síbẹ̀, ewu kò tán: àìsàn lè wọ inú ojú, ẹ̀jẹ̀ lè ya, awọ ẹ̀yìn ẹyinjú sì lè ká kúrò níbi tí ó lẹ̀ mọ́. Ìwọ̀nyí lè ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ oníṣègùn tí ó mọṣẹ́, tí kò sì ṣe àìbìkítà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le.

Òfin Faransé ti 1804 sọ pé ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ bá pa ẹlòmíràn lára gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ní 1835, ilé ẹjọ́ gíga jù ní Paris, Cour de cassation, fi hàn pé oníṣègùn kò yọ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún 1936, nínú ẹjọ́ Mercier, ó ṣàlàyé pé oníṣègùn kò ṣèlérí ìwòsàn. Ìtọ́jú tòótọ́, tí ó bá ìmọ̀ ìgbà náà mu, ni ó jẹ aláìsàn. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ rí: àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Ní 1997, ilé ẹjọ́ kan náà fi kún un pé oníṣègùn ni yóò fi ẹ̀rí hàn pé òun ti sọ ewu iṣẹ́ náà fún aláìsàn. Òfin ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 2002 sì dá àpò owó sílẹ̀ fún ẹni tí ìpalára ńlá bá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣàṣìṣe.

Ìlànà 1804 náà bá ìjọba àmúnisìn wọ Dahomey àti Togo, ó sì wà lára ohun tí a jogún ní 1960. Òfin 2002 kò sí lára ogún wa. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba owó gbà-má-bínú nípa ìlànà náà ní láti fi nǹkan mẹ́ta hàn: pé oníṣègùn ṣàṣìṣe, pé ìpalára wà, àti pé àṣìṣe náà ni ó fa ìpalára náà. Ìwé ni ó ń jẹ́rìí sí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, ẹ bá àwọn àgbà wa ka ìwé kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ẹ bá wọn bèèrè ewu tí ó wà níbẹ̀ àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá ṣe é. Ẹ tọ́jú ìwé àyẹ̀wò, ìwé oògùn àti ìwé owó. Bí ojú bá ń dunni, tí ó pọ́n, tàbí tí ìríran ń dínkù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí a padà sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kì í ṣe gbogbo ojú tí ó fọ́ ni oníṣègùn fọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àmúwá Ọlọ́run. Ẹ̀rí ni yóò fi ìyàtọ̀ hàn.