Orúkọ Sójà Nínú Ìwé Ogun: Àṣìṣe àti Àtúnṣe Rẹ̀ Láàrin Àwọn Yorùbá-Nàgó

Ní ọdún 1857 ni ìjọba Faransé dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, tí wọ́n pè ní tirailleurs sénégalais. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kó ènìyàn sínú ẹgbẹ́ náà láti gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ kò yí padà. Báyìí ni ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ àti ọmọ Àjàṣẹ́ ṣe di "ará Sẹ̀nẹ̀gà" nínú ìwé, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà rí kí wọ́n tó wọ iṣẹ́ ogun. Èyí ni àkọ́kọ́ nínú àwọn àṣìṣe tí ẹni tí ń ka ìwé sójà àtijọ́ yóò bá pàdé. Ó kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí ó kù.

1. Bí a ṣe kó wọn sógun

Àṣẹ ọdún 1912 fún ìjọba amúnisìn ní agbára láti fi ipá mú ènìyàn wọ iṣẹ́ ogun. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, wọ́n bu iye ọkùnrin tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá, wọ́n sì di ẹrù náà lé àwọn olóyè lórí. Ọ̀pọ̀ ará Kétu sá kọjá ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889, wọ́n lọ tẹ̀dó sí ìhà Mẹ́kọ ní Nàìjíríà. Àwọn Ọ̀họ̀rí ní ẹkùn Pobẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, wọ́n sì dojú ìjà kọ ìjọba. Ní 1918, Blaise Diagne, aṣojú Sẹ̀nẹ̀gà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Paris, wá darí ìkónijọ tuntun, ó sì rí ènìyàn tí ó lé ní 60,000 kó ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1919, ìkónisógun di ọ̀ranyàn ní ọdọọdún, ogun ì báà wà, ogun ì báà má sí.

Ìtàn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé kì í ṣe akọ̀wé nìkan ni ó dá àṣìṣe sílẹ̀. Ẹni tí a fi ipá mú lè fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́. Olóyè lè fi ọmọ aláìní rọ́pò ọmọ ọlọ́lá, kí ẹni tí a fi rọ́pò náà sì máa jẹ́ orúkọ ẹni tí a ń wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ jagun, ó gbọgbẹ́, ó gba àmì-ẹ̀yẹ, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn.

2. Etí àti ọwọ́ akọ̀wé

Àwọn àgbà ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Ṣùgbọ́n ìwé Faransé béèrè orúkọ ìdílé kan àti orúkọ àbísọ kan, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá kò pín orúkọ báyìí láyé ìgbà náà. Ènìyàn kan lè ní àmútọ̀runwá, àbísọ, oríkì, kí ó sì tún ní orúkọ ìmàle tàbí ti ìgbàgbọ́. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu níwájú tábìlì ni akọ̀wé kọ. Ẹni tí ilé mọ̀ sí Adéṣínà lè jẹ́ Táíwò péré nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ Táíwò kò lóǹkà.

Ìṣòro kejì wà nínú ìró. Álífábẹ́ẹ̀tì Faransé kò ní àmì ohùn. Ọ̀kẹ́, orúkọ ọmọ tí a bí nínú àpò rẹ̀, àti òkè, ibi gíga, di Oké kan náà. Àjàyí di Adjayi tàbí Adjaï. Ìdòwú di Idohou. Ìró ṣ ni ó fa ìdàrúdàpọ̀ jù, nítorí pé akọ̀wé kan á kọ ch, òmíràn á kọ tch, òmíràn á kọ s. Nítorí náà a lè rí Ṣàlàkọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ C, lábẹ́ T tàbí lábẹ́ S. Bí ògbufọ̀ bá sì jẹ́ ẹni tí Fọ̀n jẹ́ èdè abínibí rẹ̀, ó lè gbọ́ r bí l, kí Àrẹ̀mú sì di Alèmou. Ààlà 1889 tún dá kún un: ní ìhà Nàìjíríà, ìdílé kan náà ń kọ Adesina; ní ìhà Bẹ̀nẹ̀, Adéchina. Lójú òṣìṣẹ́ tí kò gbọ́ èdè, ọmọ ìyá méjì ti di àjèjì sí ara wọn.

Ìṣòro kẹta ni ọjọ́ ìbí àti ibi ìbí. Níwọ̀n bí ìwé ìbí kò ti sí, akọ̀wé wo ojú àti ìdúró ọkùnrin náà, ó sì kọ né vers, èyíinì ni pé "a bí i ní nǹkan bí ọdún" báyìí. Orúkọ olú ẹkùn ni ó sì sábà ń kọ dípò orúkọ abúlé, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹkùn náà ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

3. Ohun tí àṣìṣe ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn

Láti gba káàdì ajagun, sójà gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun lo ó kéré tán 90 ọjọ́ nínú ẹgbẹ́ tí ó wà lójú ogun, àyàfi bí ó bá ní ìdí mìíràn bí ọgbẹ́. Káàdì yìí ni ó ṣí ọ̀nà sí owó ajagun nígbà tí ó bá dàgbà. Bí ìwé bá gbé e sí ẹgbẹ́ tí kò sí, tàbí tí ó sọ ọ́ di ọ̀dọ́ ju bí ó ti rí lọ, ó pàdánù.

Òfin ìṣúná Faransé ti oṣù Kejìlá ọdún 1959 tún mú kí owó àwọn ajagun láti ilẹ̀ tí ó gba òmìnira dúró sójú kan, nígbà tí ti àwọn ọmọ Faransé ń gòkè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2001, Conseil d'État ní Paris dá ẹjọ́ pé ìyàtọ̀ náà kò bá ẹ̀tọ́ mu. Láti 2007, owó ajagun àti owó àwọn tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara bá ti Faransé dọ́gba. Ní 2011 ni ti àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀tọ́ dé, ìwé ni a béèrè. Ọ̀pọ̀ ti kú, owó ajagun kì í sì í ṣe ohun tí opó tàbí ọmọ ń jogún.

Àwọn òkú pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, ọmọ ogun Faransé yìnbọn lu àwọn tirailleurs tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn Jámánì dé, tí wọ́n ń béèrè owó wọn. Ìwé ìjọba sọ pé òkú 35; ìwé ológun mìíràn sọ pé 70. Ọdún 2024 ni Faransé tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fà nínú wọn kú fún Faransé. 80 ọdún ni ó gbà láti tún ìwé ènìyàn mẹ́fà ṣe.

4. Ọ̀nà àtúnṣe

Nọ́ńbà ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orúkọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní matricule kì í sábà yí padà bí orúkọ ṣe ń yí. Òun ni a ó fi béèrè fún ìwé iṣẹ́ ogun ní ibi ìpamọ́ ìwé àwọn ológun ní Pau, ní Faransé. Bí nọ́ńbà kò bá sí, kí a kọ orúkọ bí ilé ti ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, kí a sì to gbogbo ọ̀nà tí Faransé lè gbà kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Báyìí náà ni kí ẹni tí ń wá òkú ogun 1914 sí 1918 ṣe nínú àkójọ Mémoire des hommes ti ìjọba Faransé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí orúkọ inú rẹ̀ lé ní 1,300,000.

Lẹ́yìn èyí, kí a béèrè gbogbo orúkọ tí ẹni náà jẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé. Kí a wo àyè tí ìwé fi sílẹ̀ fún àmì ara, nítorí ilà ojú tàbí àpá lè wà níbẹ̀. Kí a so ọdún ìbí mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ tí ìlú kò gbàgbé. Ẹ̀rí wọ̀nyí ni ẹbí yóò gbé lọ síwájú aláṣẹ láti gba certificat d'individualité, ìwé tí ó jẹ́rìí pé orúkọ méjì jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, tàbí láti gba ìdájọ́ tí ó dúró fún ìwé ìbí.

Ohun kan ni kí olùkọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ṣọ́ra fún: kí ó má ṣe fi gègé tún ìwé àtijọ́ ṣe, bí àṣìṣe rẹ̀ tilẹ̀ hàn gbangba. Ìwé tí a bá fá tàbí tí a kọ nǹkan lé lórí kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Chalako tí akọ̀wé kọ ni ó so sójà mọ́ ogun tí ó jà. Ṣàlàkọ́ tí ìyá rẹ̀ pè é ni ó so ó mọ́ ilé. Kí a kọ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí a sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i.