Ẹ̀jẹ̀ Tí A Kò Kà Mọ́ra

Kí òfin ọdún 1976 tó sọ ilẹ̀ Àbújá di olú-ìlú, àwọn Gbàgyí, ọmọ agbẹrù-léjìká, ni wọ́n ń dáko ní Lugbe, níbi tí èmi ọmọ Yorùbá ń gbé báyìí. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àbùdá àjogúnbá bẹ̀rẹ̀ HapMap, iṣẹ́ tó ń to ìyàtọ̀ inú àbùdá ènìyàn jọ, ní 2002, wọn kò ka Gbàgyí mọ́ra; Yorùbá Ìbàdàn nìkan, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, ni wọ́n kọ́kọ́ mú láti Áfíríkà. Iyì ńlá ni fún àwa Yorùbá, ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe. Lẹ́yìn náà ni IHVN, àjọ ìwádìí àrùn ní Nàìjíríà, dá àká ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá lábẹ́ H3Africa, iṣẹ́ ìwádìí àbùdá àjogúnbá àwọn ará Áfíríkà. Ìwádìí H3Africa ti 2020 lórí ènìyàn 426 láti inú ẹ̀yà 50, tí Berom ti Plateau wà lára wọn, rí ìyàtọ̀ àbùdá tuntun tó lé ní 3,000,000. Mo ń retí ìgbà tí wọn yóò bi Gbàgyí Lugbe, onílẹ̀ tó gbà wá lálejò, bóyá wọ́n fẹ́ dá sí irú ìwádìí bẹ́ẹ̀.