Ọgbọ́n Gíláàsì Bídà Lójú Ọmọ Kábà

Bí a bá dárúkọ Bídà létí àgbàlagbà kan ní Kábà, ogun ni yóò kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn. Ẹ má ṣe dá a lẹ́bi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Núpé kó ilẹ̀ Òkun lógun. Wọn kò yọ Òwé sílẹ̀, wọn kò yọ Ìjùmú, Bùnú tàbí Yàgbà sílẹ̀. Orí òkè ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba wa sá lọ. Wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀, ọmọ ènìyàn sì wà nínú ohun tí wọ́n fi ń san án. Kábà gan-an di ibùdó àwọn jagunjagun Núpé. Oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company dé, tí àwọn Núpé sì fi ibùdó náà sílẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, Bídà fúnra rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ Òyìnbó.

Ọmọ ilẹ̀ yìí ni mí, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà ní Bídà yẹn tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ogun dí wa lójú sí, pàápàá nígbà tí a ń fi owó ńlá ra gíláàsì ilẹ̀ òkèèrè, tí a ń tò ó sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò lè rí i. Ohun náà ni iṣẹ́ àwọn Másàgá.

Ta ló ń jẹ́ Másàgá? Àwọn ayọ́gíláàsì Bídà ni. Wọ́n ní àdúgbò tiwọn, iṣẹ́ náà kì í sì í jáde kúrò nínú agbo ilé wọn. S. F. Nadel, ọ̀mọ̀wé kan tí wọ́n bí ní Vienna, wá gbé láàrin àwọn Núpé ní nǹkan bí 1934 sí 1936. Ó bá iná àwọn Másàgá tó ń jó, ó sì kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀, A Black Byzantium, tó jáde ní 1942.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ilé roboto kan ni, iná ìléru wà láàrin rẹ̀ gbọnrangandan. Ẹnìkan jókòó ti ẹwìrì, ó ń fẹ́ iná láìsinmi, nítorí bí ooru bá lọ sílẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ jókòó yí iná ká. Oníṣẹ́ á fi ọ̀pá irin bu gíláàsì tó ti yọ́, á fà á bí ẹni ń fa oyin, á wé e mọ́ ọ̀pá irin kejì. Á máa yí i bìrìbìrì, á máa fi irin pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́, títí yóò fi di ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá fẹ́ kó ní ilà, á fa gíláàsì aláwọ̀ mìíràn tín-ín-rín lé e lórí. Bó bá ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ ló fẹ́, á máa fẹ ihò ìlẹ̀kẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi gba ọwọ́ ọmọge. Ẹ wo ẹ̀gbà náà yíká, ẹ ò ní rí ojú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Ojú, ọwọ́ àti sùúrù ló ṣe é.

Láyé àtijọ́, àwọn Másàgá fúnra wọn ló ń ṣe gíláàsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Yanrìn ni wọ́n ń pò mọ́ káún tó ń ti ìhà Bọ̀rọ̀nú àti adágún Chad wá. Iná igi kò lè yọ́ yanrìn nìkan. Káún ló ń jẹ́ kó gbà. Gíláàsì dúdú tó ń jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bíkínì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìgò òyìnbó gba ìgboro, ta ló tún fẹ́ ṣe wàhálà yẹn? Wọ́n fọ́ ìgò, wọ́n yọ́ ọ. Ó rọrùn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń ṣe bíà ló wá ń yan àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ fún Másàgá. Bíkínì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láìpẹ́ yìí ni àwọn oníṣẹ́ náà tún ṣe é kí àwọn onímọ̀ lè rí i, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 2023.

Àwọn Másàgá a máa sọ pé Íjíbítì ni àwọn ti ṣẹ̀ wá. Bóyá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí àwọn kan rò pé kò sí ọgbọ́n gíláàsì kan nílẹ̀ wa tí kì í ṣe pé wọ́n gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ilé-Ifẹ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ìwáṣẹ̀ ilẹ̀ Òkun ń tọ́ka sí, ló lè dá wọn lóhùn. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, hú ilẹ̀ Igbó Olókun níbẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀, ó rí àpáàdì ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú. Kí ni ó wí? Ó ní ọgbọ́n Ifẹ̀ kì í ṣe ti aláwọ̀ dúdú, pé Atlantis, ilẹ̀ inú ìtàn tí òkun gbé mì, ló ti wá.

Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá tún hú ilẹ̀ náà. Ìròyìn rẹ̀ tó jáde ní 2017 sọ pé ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 12,000, àpáàdì ìkòkò ìyọ́gíláàsì sì lé ní 800. Láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n yẹ gíláàsì ọ̀hún wò, ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti Lárúbáwá mu; láti ara òkúta àti yanrìn àdúgbò ni. Irú rẹ̀ ti dé Gao lẹ́bàá aṣálẹ̀ ní ilẹ̀ Mali. N kò sọ pé Ifẹ̀ ló kọ́ Bídà o, nítorí káún ni Bídà ń lò. Ohun tí mo ń wí ni pé ilẹ̀ wa mọ ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Faransé wàyí. Ọdún 1860 ni wọ́n bí René Lalique. Ohun ọ̀ṣọ́ wúrà ló kọ́kọ́ ń ṣe kó tó dara pọ̀ mọ́ gíláàsì; ìgò lọ́fínńdà tó ṣe fún François Coty wà lára ohun tó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, ó kọ́ ilé iṣẹ́ sí Wingen-sur-Moder ní Alsace, nítorí àwọn tó mọ iṣẹ́ gíláàsì ti pọ̀ ní agbègbè yẹn tipẹ́. Ó mọ bí a ti ń mú kí apá kan ara ìgò máa dán, kí apá kejì rí bí ìrì òwúrọ̀. Nígbà tó kú ní 1945, Marc ọmọ rẹ̀ gba iṣẹ́ náà, ó sì sọ ọ́ di kírísítálì, èyí tí wọ́n ń po òjé mọ́ kó lè máa kọ mọ̀nàmọ̀nà. Ní 2011, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan sí ìlú kékeré yẹn nítorí iṣẹ́ Lalique nìkan.

N kò bínú sí Lalique. Iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ wà nídìí ohun tó ṣe. Orúkọ ta la lè pè nínú àwọn tó yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun? Ta ni àwa ará Kábà lè dárúkọ nínú àwọn Másàgá?

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó kan àwa gan-an. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lógun, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n tẹ̀dó sí àwọn abúlé oko yí Bídà ká, abúlé tí wọ́n ń pè ní tunga. Oúnjẹ tí wọ́n ń gbìn ló ń bọ́ ìlú, ó sì ń bọ́ oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn wa wà nínú wọn. Nítorí náà, bí mo bá yin ẹ̀gbà Bídà, n kò da àwọn baba mi. Òógùn wọn wà lábẹ́ dídán rẹ̀. Ẹni tó bá kọ ìtàn gíláàsì yẹn tí kò mẹ́nu ba oko tunga, ààbọ̀ ìtàn ló kọ. Ẹni tó bá sì ń sọ ti ogun nìkan tí kò rí iná Másàgá, ààbọ̀ ni tirẹ̀ náà.

Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ ra ìlẹ̀kẹ̀ fún ìgbéyàwó ọmọ yín, ẹ béèrè ti Bídà kí ẹ tó béèrè ti òkè òkun. Bí ẹ bá sì dé ibi iná náà, ẹ béèrè orúkọ ẹni tó ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.