Páálí, Rúlà àti Ìtàn: Àwòṣe Ilé Rélùwéè Èkó Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwòṣe, ìyẹn ohun kékeré tí a ṣe láti fara wé ńlá, àti ipò rẹ̀ nínú ìmọ̀ ìtàn. Àwọn ilé ẹ̀bá ojú irin Èkó ni a fi ṣe àpẹẹrẹ. Èrò wa ni pé ẹni tí ó bá fi páálí lásán kọ́ àwòṣe ilé àtijọ́ ń ṣe iṣẹ́ òpìtàn, yálà ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kò mọ̀.

Eré ni iṣẹ́ yìí ní Yúróòpù níbẹ̀rẹ̀. Ní 1891, ilé-iṣẹ́ Märklin ti Jámánì pàtẹ ọkọ̀ ojú irin ìṣeré tí ojú irin rẹ̀ ní ìwọ̀n pàtó ní Leipzig, ọdún díẹ̀ kí iṣẹ́ ojú irin Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Roye England, ọmọ Australia, dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1925, tí ó rí i pé àwọn ilé àtijọ́ abúlé ń pòórá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi páálí kọ́ wọn ní ìwọ̀n 1:76 kí wọ́n má baà parun pátápátá. Inú iṣẹ́ yìí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Pendon ti jáde ní 1954.

Iṣẹ́ kékeré kò ṣàjèjì sí àwa náà. Thomas Ona Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gbẹ́ ère àwọn òyìnbó amúnisìn ní Èkó. Ní àwọn ọdún 1930, Justus Akeredolu ti Ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ère wẹ́wẹ́ láti ara ẹ̀gún igi. Ta ni kò sì mọ ọkọ̀ agolo tí ọmọdé ń fi ìdérí ìgò ṣe ẹsẹ̀ fún? Ènìyàn àti ọkọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé ṣọ̀wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ilé ni ó tètè ń lọ. Ojú irin tí ó gbéra láti Ìdó dé Ìbàdàn ní 1901. Ní 1902 ni ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter lọ sí Erékùṣù Èkó. Wọ́n pa á tì ní 1933. Àwòrán nìkan ni a lè fi kọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n Ilé Jaekel ní Èbúté-Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní 1898, ti rí àtúnṣe, ó sì ṣeé wọ̀n.

Àlàfo àárín irin méjèèjì lójú irin àtijọ́ jẹ́ mílímítà 1,067. Ní ìwọ̀n 1:64, ó di nǹkan bí 16.7, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ojú irin ìṣeré oní-mílímítà 16.5 tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà àgbáyé mu. Ilẹ̀kùn tí ó ga ní mítà 2.1 yóò di mílímítà 33. Àlàfo yìí kan náà ni rúlà wa nínú àwòrán àtijọ́: bí irin bá hàn nítòsí ilé, a lè fi díwọ̀n ilé náà. (Ohun tí ó jìnnà máa ń kéré lójú, ibi tí irin ti súnmọ́ ilé jù lọ ni kí a ti wọ̀n.)

Ìṣòro tí ó le jù ni ẹ̀yìn ilé. Ayàwòrán kì í sábà lọ síbẹ̀, àwòṣe kò sì lè wà láìní ẹ̀yìn. Ẹni tí ń kọ̀wé lè fò ó. Ẹni tí ń gé páálí gbọ́dọ̀ pinnu iye fèrèsé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ó kun ibi tí ó ní ẹ̀rí ní ọ̀dà, kí ó sì fi ibi tí ó méfò sílẹ̀ ní funfun. Kò ní fani mọ́ra tó èyí tí a kùn tán, ṣùgbọ́n kò ní tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ.

Ní ti ohun èlò, olùkọ́ tí ó wà ní agbègbè Bajulaiye kò níṣòro. Ìlú àwọn atẹ̀wé ni Ṣómólú, àjẹkù páálí kì í sì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀rọ ìgéwèé. Abẹ, rúlà irin àti gọ́ọ̀mù ni ó kù. Kí kíláàsì kọ́kọ́ gba àṣẹ, kí wọ́n lọ sí Èbúté-Mẹ́ta, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n láti ẹ̀yìn ilé.