Kẹ̀kẹ́ bàbá àgbà mi ló yẹ kí n ti rà láti ìbẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni, àti bí mo ṣe fi owó ṣòfò torí pé mi ò mọ ìtàn.

Lọ́dún tó kọjá ni mo sọ pé mi ò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Barking ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ìtòsí Tower Hill ni iṣẹ́ mi wà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì wà tó dé ibẹ̀. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo rí kẹ̀kẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́, táyà ẹ̀ dà bí okùn, ọwọ́ ẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Ó rẹwà, ẹ gbà mí gbọ́! Ẹni tó ń tà á ní ó máa ń sáré gan-an. Kò parọ́. Ohun tí kò sọ ni pé kò ní mọ́dígáàdì, kò ní iná, kò síbi tí mo lè gbé báàgì sí, ṣéènì ẹ̀ sì wà níhòòhò.

Lọ́sẹ̀ kejì, òjò rọ̀. Ẹrẹ̀ fa ìlà sí mi lẹ́yìn láti ìdí dé ọrùn. Gírísì ba ṣòkòtò iṣẹ́ mi jẹ́. Iná tí mo lọ rà lọ́tọ̀, tí mo fi rọ́bà so mọ́ ọn, wọ́n jí i lọ níbi tí mo so kẹ̀kẹ́ sí.

Mo pe bàbá àgbà mi ní Ìkìrun, mo ń ráhùn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Àdùkẹ́, irú kẹ̀kẹ́ wo ni kò ní mọ́dígáàdì?"

Tíṣà ni bàbá mi àgbà. Lọ́dún 1961 ni wọ́n ra Raleigh tiwọn. Dúdú ni, ó ní mọ́dígáàdì níwájú àti lẹ́yìn, páànù bo ṣéènì ẹ̀, kárìà wà lẹ́yìn, agogo wà lọ́wọ́, dáínámò sì ń fi ara ha táyà kí iná lè tàn. Wọn ò ra ìkankan lọ́tọ̀. Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ni kẹ̀kẹ́ yẹn ti wá.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa bi ara mi: ìlú tó fi irú kẹ̀kẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí wa, kí ló dé tí wọ́n fi ta oníhòòhò fún mi?

Mo wá lọ kàwé. Lọ́dún 1885, John Kemp Starley ṣe kẹ̀kẹ́ Rover ní Coventry, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣéènì ló sì ń wa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, bíi ti òde òní. Lọ́dún 1888 Dunlop mú táyà oníafẹ́fẹ́ jáde ní Belfast. Lọ́dún 1902 Sturmey-Archer fi jíà mẹ́ta pamọ́ sínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí òjò ò lè dé. Gbogbo ohun tí mò ń wá ti wà kí wọ́n tó bí bàbá àgbà mi!

Ojú ọ̀nà ni wàhálà wà. Ní December 1934, mínísítà Leslie Hore-Belisha ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí, ní Western Avenue, ìwọ̀ oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Máìlì méjì ààbọ̀ péré. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ fúnra wọn ló ta kò ó? Wọ́n ní báwọn bá gbà á, wọ́n máa lé àwọn kúrò lójú títì. Mi ò lè bá wọn jà, torí ọ̀nà ọ̀hún ò dán mọ́rán, gbogbo oríta ló sì ti ń já. Àmọ́ mọ́tò ò dúró dè wọ́n. Lọ́dún 1949, àwọn ará Brítéènì gun kẹ̀kẹ́ rìn tó bílíọ̀nù máìlì 14.7. Nígbà tó fi máa di 1973, ó ti wá sí bílíọ̀nù 2.3. Nígbà tí ẹni tó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́ ò pọ̀ mọ́, ta ni wọ́n fẹ́ máa ta kárìà àti páànù ṣéènì fún? Eré ìdárayá ni kẹ̀kẹ́ wá dà.

Ẹ wá wo Nẹ́dálándì lásìkò kan náà. Mọ́tò gba ìgboro níbẹ̀ náà. Lọ́dún 1971 nìkan, ó lé ní 3,000 èèyàn tó kú lójú títì, ọmọdé lé ní 400 nínú wọn. Akọ̀ròyìn kan, Vic Langenhoff, tí mọ́tò pa ọmọbìnrin rẹ̀, kọ àròkọ sínú ìwé ìròyìn De Tijd lọ́dún 1972. Àkọlé ẹ̀ ni Stop de Kindermoord, ìyẹn ni pé kí wọ́n yéé pa àwọn ọmọdé. Orúkọ yẹn di orúkọ ẹgbẹ́. Àwọn òbí àtàwọn ọmọ jáde, wọ́n dí títì pa. Ní November 1973, epo wọ́n, ìjọba ní kò gbọdọ̀ sí mọ́tò lójú títì lọ́jọ́ Sunday. Kó tó di ìparí àwọn ọdún yẹn, Tilburg àti Den Haag ti ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba àárín ìgboro.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ń gùn lójú ọ̀nà náà, ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe. Ìjókòó gbọọrọ, páànù, kárìà, iná. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi àgbà gan-an!

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo bó ṣe ń sáré. Ẹ wá èyí tí mọ́dígáàdì àti kárìà ti wà lára ẹ̀, tí wọ́n bo ṣéènì ẹ̀, tí jíà ẹ̀ wà nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Táyà tó fẹ̀ tó mìlímítà 35 sí 40 máa gbà yín lọ́wọ́ ihò àti àfọ́kù ìgò. Iná tó ń gba agbára látinú ẹsẹ̀ iwájú ni kẹ́ ẹ rà, wọ́n fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, olè ò kàn lè já a lọ. Níbí, tílẹ̀ bá ti ṣú, òfin ní kí funfun wà níwájú, kí pupa wà lẹ́yìn. Ti agádágodo, ẹ má ṣahun o! Onírin gidi tó rí bíi U ni, kẹ́ ẹ kì í gba inú férémù àti ẹsẹ̀ kan kọjá. Akoto ò pọn dandan lófin ìlú yìí, ṣùgbọ́n èmi ń dé e. Ìyá mi ló bẹ̀ mí.

Mo ta oníhòòhò yẹn, mo pàdánù owó díẹ̀, mo ra àlòkù kan tó wá láti Nẹ́dálándì. Ó wúwo bí àpò gààrí. Àmọ́ mo ti fi ìró àti bùbá gùn ún lọ sí òde ìyàwó, kò sì síbi tó dọ̀tí.

Mo fi fídíò pe Ìkìrun, mo gbé fóònù yí i ká. Bàbá wò ó títí.

"Raleigh ni?"

Mo ní rárá sà, ti àwọn ará Nẹ́dálándì ni.

"Tiwa ni wọ́n jí wò."

Wọ́n wá béèrè èló ni mo rà á. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa.