Dátábéèsì alátẹ: Bí ó ṣe ń tọ́jú orúkọ àti owó ará ìlú, àti ìbéèrè márùn-ún tí àwọn tó ń fi í ṣiṣẹ́ kò yéé bèèrè

Bí ènìyàn bá fi owó ránṣẹ́ láti inú àkáǹtì rẹ̀, tí báńkì yọ owó náà, ṣùgbọ́n tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, èsì tí ó sábà máa ń gbọ́ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lọ wo èsì ìdánwò rẹ̀, tí a kò rí orúkọ rẹ̀ nítorí àmì ohùn tó wà lórí rẹ̀, wọn á ní kọ̀ǹpútà ni kò gbà á. Òótọ́ ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, òótọ́ sì ni pé ẹ̀rọ lè yọnu. Ṣùgbọ́n ohun kan wà lẹ́yìn àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí tí ará ìlú kì í rí, òun ni ó ń tọ́jú orúkọ, owó àti àkọsílẹ̀ gbogbo. Dátábéèsì ni orúkọ rẹ̀. Ó ní àwọn ohun èlò tí a fi lè dènà irú wàhálà báyìí, bí ẹni tó ṣètò rẹ̀ bá mọ̀ wọ́n lò. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni dátábéèsì alátẹ, tí Oracle, MySQL, PostgreSQL, SQL Server àti SQLite jẹ́ oríṣi rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Codd ni ó ti bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹfà ọdún 1970, Edgar Codd tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú fún àwọn ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní ilé-iṣẹ́ IBM ní San Jose, ìpínlẹ̀ California, ní Amẹ́ríkà. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ rí ohun kan nínú dátábéèsì ní láti mọ bí a ṣe tò ó sínú ẹ̀rọ, kí ó sì máa tọ ojú ọ̀nà náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Bí wọ́n bá yí ìtò náà padà, àwọn ètò tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ lè dàrú. Codd ní kí a to gbogbo ìsọfúnni sórí àtẹ, kí ohun tí a kọ sínú àtẹ kan so ó mọ́ òmíràn, kí ẹni tó ń wá nǹkan sì sọ ohun tí ó ń fẹ́ nìkan, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà tí yóò gbà rí i.

IBM kò tètè fi ọ̀rọ̀ náà ṣòwò, nítorí wọ́n ti ń ta dátábéèsì irú ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní IMS. Ní 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, òṣìṣẹ́ IBM bákan náà, gbé èdè kan jáde tí a ó máa fi bá dátábéèsì alátẹ sọ̀rọ̀. SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ṣùgbọ́n nígbà tí ó hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ni orúkọ náà, wọ́n gé e kúrú sí SQL. Larry Ellison, Bob Miner àti Ed Oates, tí wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó di Oracle sílẹ̀ ní 1977, ka ohun tí àwọn ará IBM kọ, wọ́n sì gbé tiwọn sọ́jà ní 1979, kí IBM tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kejì ni wọ́n pe èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tà, bẹ́ẹ̀ wọn kò ta ẹ̀dà kìn-ín-ní rí. Codd gba ẹ̀bùn Turing, tí í ṣe ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ní 1981, ó sì kú ní 2003.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí a lè lò láìsanwó dé: MySQL ní 1995, PostgreSQL tí ó gba orúkọ yìí ní 1996, àti SQLite ní 2000. SQLite yìí wà nínú fóònù Android àti iPhone, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé dátábéèsì alátẹ kiri nínú àpò láìmọ̀.

Bí alájọ yóò ṣe lò ó

A lè fi iṣẹ́ alájọ ṣe àpẹẹrẹ. Bí alájọ bá ní ìwé ńlá kan ṣoṣo, tí ó ń kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹni náà bá dá owó, ọjọ́ tí oníbàárà bá kó lọ sí ilé mìíràn ni wàhálà dé. Àdírẹ́sì àtijọ́ wà ní ojú ewé ogún, tuntun wà ní ojú ewé kan, ẹni tó bá ṣí ìwé náà kò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́.

Lórí dátábéèsì alátẹ, àtẹ méjì ni yóò wà. Àtẹ kìn-ín-ní jẹ́ ti àwọn oníbàárà: ìlà kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, òpó kan fún nọ́ńbà rẹ̀, òmíràn fún orúkọ, òmíràn fún àdírẹ́sì. Àtẹ kejì jẹ́ ti owó: ọjọ́, iye tí a dá, àti nọ́ńbà oníbàárà nìkan. Bí àdírẹ́sì bá yí padà, ibì kan ṣoṣo ni a ó ti tún un ṣe. Nọ́ńbà yẹn, tí ó so àtẹ méjèèjì pọ̀, ni a ń pè ní kọ́kọ́rọ́. Bí a bá ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún dátábéèsì, kò ní gbà kí ènìyàn méjì ní nọ́ńbà kan náà, kò sì ní gbà kí a kọ owó sí nọ́ńbà tí kò ní oníbàárà.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: Kí ni ó yẹ kí a fi ṣe kọ́kọ́rọ́?

Orúkọ kò tó, nítorí ènìyàn púpọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan náà, obìnrin sì lè yí orúkọ ìdílé padà nígbà tí ó bá lọ sílé ọkọ. Nọ́ńbà fóònù kò dára, nítorí a lè pa á tì, kí ilé-iṣẹ́ fóònù sì tà á fún ẹlòmíràn. Àwọn kan máa ń pa orúkọ ìdílé, ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́sì pọ̀, wọ́n á rò pé ó ti parí. Nílẹ̀ Yorùbá tí ìbejì pọ̀ sí, Táíwò àti Kẹ́hìndé yóò tú àṣírí ètò náà, nítorí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ ní. Ohun tó dára jù ni nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ mìíràn, tí a kò sì ní yí padà láéláé. Irú ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú nọ́ńbà BVN, oní-dígíìtì 11, tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 2014: bí àkáǹtì ẹnì kan ti wù kó pọ̀ tó, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni tirẹ̀.

Ìbéèrè kejì: Ṣé òfo àti òdo jẹ́ ọ̀kan náà?

Rárá. Ibi tí a kò kọ nǹkan kan sí nínú àtẹ ni SQL ń pè ní NULL, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé a kò mọ̀. Bí oníbàárà mẹ́ta bá dá ₦1,000, ₦2,000 àti ₦3,000, tí a kò tíì mọ iye tí ẹnì kẹrin dá, SQL yóò fo ẹnì kẹrin, yóò sì ní ìpíndọ́gba jẹ́ ₦2,000. Bí a bá kọ òdo sí ibẹ̀, ₦1,500 ni yóò sọ. Èsì méjèèjì tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn.

Ẹni tó bá sì bèèrè àwọn tí fóònù wọn bá NULL dọ́gba kò ní rí ẹnì kankan, nítorí a kò lè sọ pé ohun tí a kò mọ̀ bá òmíràn tí a kò mọ̀ dọ́gba. IS NULL ni ó yẹ kí ó kọ. Oracle tún ní àṣà tirẹ̀: ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan, NULL ni ó kà á sí.

Ìbéèrè kẹta: Kí ló dé tí owó ń kúrò tí kò dé?

Fífi owó ránṣẹ́ jẹ́ iṣẹ́ méjì: a ó yọ ọ́ níhìn-ín, a ó fi kún un lọ́hùn-ún. Bí iná bá lọ láàárín méjèèjì ńkọ́? Dátábéèsì gba ẹni tó ń kọ ètò láyè láti di iṣẹ́ méjèèjì ní ìdì kan. Bí ohun gbogbo bá lọ déédéé, COMMIT yóò fi òǹtẹ̀ lù ú. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ROLLBACK yóò dá gbogbo rẹ̀ padà sí bí ó ti wà. Kò sí àbọ̀ iṣẹ́. Dátábéèsì máa ń kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú àkọsílẹ̀ kan kí ó tó ṣe é, kí ó lè mọ ibi tí iṣẹ́ dé nígbà tí iná bá padà. Jim Gray, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ pàtàkì lórí èyí, gba ẹ̀bùn Turing ní 1998.

Ìṣòro ni pé kì í ṣe gbogbo àtẹ ló ní ohun èlò yìí. Nínú MySQL, àtẹ oríṣi MyISAM kò ní i, òun ni a sì máa ń bá pàdé bí a kò bá yan òmíràn, títí di 2010 tí ẹ̀dà 5.5 fi InnoDB rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó jogún ètò àtijọ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bákan náà, tọkọtaya tí wọ́n jọ ní ₦10,000 nínú àkáǹtì lè gba ₦8,000 ₦8,000 lẹ́ẹ̀kan náà ní ibi méjì, bí ètò bá kàn ka iye owó tó wà, tí kò sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnì kejì. Àṣẹ FOR UPDATE ni Oracle, MySQL àti PostgreSQL ní fún èyí: ẹnì kejì yóò dúró títí tí ẹnì kìn-ín-ní yóò fi ṣe tán. Bí owó bá wá ń ti báńkì kan lọ sí òmíràn, dátábéèsì méjì ni, COMMIT kan ṣoṣo kò sì lè ká wọn mọ́. Àfi kí àwọn báńkì méjèèjì fi àkọsílẹ̀ wọn wé ara wọn, kí wọ́n sì dá èyí tí kò dé padà.

Ìbéèrè kẹrin: Kí ló ń fa ìfàsẹ́yìn?

Bí kò bá sí atọ́ka, dátábéèsì yóò ka gbogbo ìlà láti òkè délẹ̀ kí ó tó rí ẹnì kan. Atọ́ka dà bí ìtò ọ̀rọ̀ inú ìwé atúmọ̀ èdè, tí kì í jẹ́ kí a ka gbogbo ìwé. Ó lè tètè rí gbogbo orúkọ tó fi Adé bẹ̀rẹ̀, bí Adébáyọ̀ àti Adéọlá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá àwọn tó fi adé parí, bí Fọládé, atọ́ka kan náà kò ràn wá lọ́wọ́. Atọ́ka kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́: gbogbo ìgbà tí a bá kọ ìlà tuntun ni a ó tún atọ́ka kọ pẹ̀lú. Òpó tí a ń fi wá nǹkan lemọ́lemọ́ nìkan ni ó yẹ kí a fún un.

Ìbéèrè karùn-ún: Ṣé ó gba àmì ohùn Yorùbá?

Ó gbà á, ṣùgbọ́n kì í ṣe láìsọ fún un. MySQL tó ṣáájú ẹ̀dà 8.0 ti 2018 máa ń lo lẹ́tà àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Yúróòpù bí a kò bá yan òmíràn. Kò sí ẹ àti ọ nínú rẹ̀, wọ́n sì lè di àmì ìbéèrè. Láti ẹ̀dà 8.0, ó ń gba lẹ́tà gbogbo ayé, àmọ́ bí a bá fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kì í ka àmì sí nígbà tí ó bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Oko, ọkọ àti ọkọ̀, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Bí a bá ní kí ọ̀rọ̀ má ṣe jọra lórí àtẹ, yóò gba oko, yóò sì lé ọkọ padà.

Ti PostgreSQL yàtọ̀. Òun a máa wo bí a ṣe kọ lẹ́tà gan-an. Lẹ́tà ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìlànà Unicode. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà tẹ̀ ẹ́: ẹ pẹ̀lú àmì òkè, é pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, tàbí e lásán pẹ̀lú àmì méjèèjì. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ẹnì kan náà tí a tẹ̀ lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà lè di ènìyàn méjì nínú dátábéèsì. Láti ẹ̀dà 13, ní 2020, ó ní iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ normalize, tí ó ń sọ gbogbo wọn di ìlànà kan. Ọgbọ́n tó dára ni kí a ní òpó méjì: ọ̀kan fún orúkọ gẹ́gẹ́ bí oníorúkọ ṣe kọ ọ́, èkejì láìní àmì, fún ìwákiri nìkan. Báyìí, ẹni tó bá tẹ Ola yóò rí Ọlá, kò sì ní sí ẹni tí a gba àmì orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nínú ìbéèrè márààrún, ohun kan ni ó hàn: dátábéèsì kò mọ òfin tí a kò sọ fún un. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ọjọ́ tí a ń to àtẹ ni ó yẹ kí a bèèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí iná bá lọ, bí ìbejì bá dé, tàbí bí ẹni tó ń jẹ́ Ọlá bá wá wo orúkọ rẹ̀.